Ògiri, Òjò àti Sìmẹ́ńtì: Ìtàn Títún Ilé Alámọ̀ Ṣe ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Àwọn onímọ̀ ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ti kọ ohun púpọ̀ nípa ìtẹ̀dó ìlú, nípa ogun tí ó tú ìlú ká, àti nípa àwọn ọba tí ó kọ́ ààfin. Iṣẹ́ tí ó máa ń tẹ̀ lé ilé kíkọ́ ni wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kọbiara sí. Oṣù díẹ̀ ni a fi ń mọ ilé. Ṣùgbọ́n bí ilé náà yóò bá wà ní ìdúró fún ọgọ́rin ọdún, ọgọ́rin ọdún náà ni ẹnì kan yóò fi máa tún un ṣe. Iṣẹ́ àtúnṣe náà ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú pépà yìí, pàápàá jù lọ àtúnṣe ògiri tí omi bà jẹ́ àti ti ìrẹ́ tí a fi bo ojú rẹ̀. A gbà pé iṣẹ́ yìí ní ìtàn tirẹ̀, àti pé a lè tọ ipasẹ̀ ìtàn náà.

Ní ṣókí, èrò wa ni pé kì í ṣe òjò nìkan ni ó ń wó ilé alámọ̀. Sìmẹ́ńtì tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi bo ògiri amọ̀ ti yí ọ̀nà tí omi ń gbà jáde lára ògiri padà. Ó sì tún ti yí àwọn tí ó ń ṣe àtúnṣe padà, àti ìgbà tí wọ́n ń ṣe é. Lójú tiwa, ìyípadà kejì yìí ni ó burú jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èkínní ni àwọn oníṣẹ́ ilé sábà máa ń mẹ́nu bà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àríyànjiyàn inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ lásán. Ògiri a máa wó lu ènìyàn ní ìgbà òjò ní àwọn ìlú wa àtijọ́, a sì máa ń yára dá amọ̀ lẹ́bi. Bí ẹ̀bi náà kò bá jẹ́ ti amọ̀, a jẹ́ pé ìmọ̀ràn tí a ń fún àwọn onílé kò tọ̀nà, àti pé owó tí wọ́n ń ná lórí ìmọ̀ràn náà ń mú kí ilé wọn yára wó ni.

Òwe méjì kan wà tí ó yẹ kí onítàn kà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Èkínní ni pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. A ti lo òwe yìí fún ọ̀rọ̀ ẹbí àti ọ̀tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi gbàgbé pé ọ̀rọ̀ ògiri gan-an ni. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa á mọ̀ pé ògiri a máa là, ó sì ti rí ohun tí ń gba ibẹ̀ wọlé. Èkejì sọ pé àgbàrá òjò kò lóun ò níí wó ilé, onílé ni kò níí gbà fún un. Ẹ jẹ́ kí a fi ara balẹ̀ wo èyí. Òwe náà kò sọ pé kí onílé kọ́ ilé tí àgbàrá kò lè wó. Ó gbà pé àgbàrá lè wó o. Ohun tí ó fi ilé náà sí ìdúró ni pé onílé kọ̀, ó sì ń kọ̀ ní ọdọọdún.

Ògiri Amọ̀ kí Sìmẹ́ńtì tó Dé

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a ń mọ ilé. A ó wa ilẹ̀ pupa, a ó bu omi sí i, a ó fi ẹsẹ̀ pò ó títí yóò fi máa fà, a ó sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó fi mọlé. Ìpele ìpele ni a ń mọ ọ́n. Bí ìpele kan bá ti ga tó orúnkún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, a ó dúró kí ó gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e, nítorí amọ̀ tútù kò lè ru amọ̀ tútù. Ẹni tí ó bá wo ògiri ilé àtijọ́ tí ìrẹ́ ti bọ́ lára rẹ̀ yóò rí ojú ibi tí ìpele àti ìpele ti pàdé, bí ìlà tí a fà yí ilé ká. Ibẹ̀ ni omi máa ń kọ́kọ́ wá.

Òrùlé ni ààbò àkọ́kọ́ tí ògiri ní. Ní apá ọ̀dàn, koríko bẹẹrẹ ni a fi ń bo ilé; ní apá igbó, ewé gbọ̀dògì ni. Òrùlé náà a yọ síta dáadáa, òpó a sì gbé etí rẹ̀ ró, tó bẹ́ẹ̀ tí òjò fi ń rọ̀ sí iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ dípò kí ó máa rọ̀ sí ara ògiri. Ògiri fúnra rẹ̀ kì í ga púpọ̀.

Ààbò kejì ni ìrẹ́. Kókó pàtàkì nípa ìrẹ́ àtijọ́ ni pé ọmọ ìyá kan náà ni òun àti ògiri. Amọ̀ tí a yọ òkúta àti gbòǹgbò inú rẹ̀ kúrò ni, a sì máa ń pò ó mọ́ ìgbẹ́ màlúù ní ibi tí a bá ti rí i. (Àwọn Hausa a máa fi omi tí wọ́n bọ èèpo èso irúgbá sí po tiwọn kí òjò má baà tètè fọ̀ ọ́.) Bí ògiri bá mu omi, ìrẹ́ a mu ún; bí oòrùn bá ràn, àwọn méjèèjì a jọ gbẹ. Iṣẹ́ ìrẹ́ ni kí òjò jẹ òun, kí ó má baà jẹ ògiri. Nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró, a ó wo ibi tí ó ti jẹ, a ó sì tún un rẹ́. Kò sí ẹni tí ó ka èyí sí àbùkù ilé, gẹ́gẹ́ bí a kò ti ka fífọ aṣọ sí àbùkù aṣọ.

Ta ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí? Ọkùnrin ni ó ń mọ ògiri tí ó sì ń bo ilé. Ìwé tí N. A. Fadipe kọ́kọ́ kọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní 1939, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1970, ṣe àlàyé àrọ̀ àti ọ̀wẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ lóko àti nílé. Ẹni tí ó fẹ́ ọmọ ẹni lè kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá tún ilé àna rẹ̀ bò. Ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin ni ojú ògiri àti ilẹ̀ ilé wà: àwọn ni wọ́n ń pa á, tí wọ́n ń fi ọwọ́ àti òkúta dídán ra á títí yóò fi jọ̀lọ̀. Ibi tí iṣẹ́ obìnrin yìí ti hàn gedegbe jù ni ara ògiri ojúbọ. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin ni ó ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tún un kùn nígbà ọdún òrìṣà náà. Ulli Beier kọ nípa irú àwòrán ara ògiri báyìí ní 1960, Bọ́lájí Campbell sì fi odindi ìwé ṣe àlàyé rẹ̀ ní 2008. Àwọn tí ó kọ nípa iṣẹ́ ọnà a máa káàánú pé òjò ń fọ àwọn àwòrán náà dànù. Ojú tí àwa fi wò ó yàtọ̀ díẹ̀. Bí òjò kò bá fọ ti èṣí, kí ni obìnrin yóò kùn ní ọdún yìí? Ìbàjẹ́ náà wà nínú ètò.

Àtúnṣe kò yọ ọ̀rọ̀ ìjọba sílẹ̀ pẹ̀lú. Ní Ọ̀yọ́, ọdún Bẹẹrẹ ni àwọn ará ìletò àti ìlú tí ó wà lábẹ́ Aláàfin fi ń gbé koríko bẹẹrẹ wá fún bíbo ààfin. Ìlú tí ó gbé koríko wá ti fi hàn pé òun ṣì ń sìn. Àwọn onítàn ka èyí sí ìsìnrú ìlú fún ọba, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rántí pé òrùlé tí ó ń jò náà jẹ́ òótọ́.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a ń fi ayé àtijọ́ ṣe ayọ̀. Koríko a máa gbiná, iná kan ṣoṣo a sì máa jó àdúgbò run. Iṣẹ́ tí obìnrin ń ṣe lára ògiri lọ́dọọdún kì í ṣe iṣẹ́ kékeré, a kò sì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni sanwó rẹ̀ fún wọn. Nígbà tí ohun tuntun dé tí ó ṣèlérí pé a ó rẹ́ ilé lẹ́ẹ̀kan, ó parí, ó ní ìdí tí àwọn tí ọwọ́ wọn ti bó fi yọ̀.

Àwọn Àgùdà

Láti bí 1830 lọ ni àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí etíkun wa, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí ṣe ní Bahia ní 1835. Ní Èkó, wọ́n tẹ̀dó sí ibi tí a mọ̀ sí Pópó Àgùdà. Bíríkìlà àti káfíńtà pọ̀ nínú wọn. Àwọn ni ó kọ́ ilé ìjọsìn Holy Cross tí a parí ní 1881, Lázaro Borges da Silva àti Francisco Nobre sì ni a máa ń dárúkọ nínú àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà. João Baptista da Costa kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894. Ilé Omi tí ìdílé da Rocha kọ́ ní òpópónà Kakawa ní 1885 wà títí di òní.

Bí a bá fi ojú iṣẹ́ wa wò ó, ohun tuntun tí wọ́n mú dé kọ́ ni ògiri. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Àgùdà, amọ̀ ni ògiri náà ṣì jẹ́, ó kàn nípọn sí i ni. Àwọ̀ rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Wọ́n a máa kó ìkarahun láti inú ọ̀sà, wọn a fi iná sun ún títí yóò fi di lẹ́búlẹ́bú funfun, wọn a sì pò ó mọ́ iyanrìn láti fi rẹ́ ilé, kí wọ́n tó fi ọwọ́ ya òdòdó àti ìlà sí etí fèrèsé. Ìrẹ́ ẹfun ìkarahun yìí le ju amọ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò le tó sìmẹ́ńtì. Kì í tètè gan, ó sì máa ń jẹ́ kí ọ̀rinrin inú ògiri gba ara rẹ̀ jáde. A lè sọ pé ó dúró ní ààrin ìrẹ́ àtijọ́ àti ti òde òní. Ìwọ̀nyí jẹ́ ilé tí onílé ń gbé inú rẹ̀, tí bíríkìlà tí ó kọ́ ọ sì ń gbé ní òpópónà kejì. Ìyẹn náà ṣe pàtàkì.

Ẹni tí ó bá sọ pé irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè pẹ́ yẹ kí ó rántí ilé Fernandez ní ìta Tinúubú, èyí tí a tún ń pè ní Ilojo Bar. A kọ́ ọ ní nǹkan bí 1855, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, a sì wó o ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2016. Òjò ọgọ́jọ ọdún rọ̀ lé e lórí. Ènìyàn ni ó wó o.

Páànù, Rélùwéè àti Sìmẹ́ńtì

Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901. Páànù àti sìmẹ́ńtì tí ó ti wà ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú irin wọ ilẹ̀ òkè. Páànù gba ìlú lọ́wọ́ iná, kò sí ẹni tí yóò jiyàn èyí. Ṣùgbọ́n owó ni a fi ń ra páànù, wọn a sì máa gé e sún mọ́ ògiri kí ó lè tó. Etí òrùlé kúrú. Òjò tí koríko ń fà mu díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí irin, ó ń já lu ilẹ̀ ní ìdí ògiri gan-an, ó sì ń ta ẹrẹ̀ sí i lára. Nítorí náà páànù fúnra rẹ̀ ni ó sọ ògiri di ohun tí ó nílò àwọ̀ líle.

Owó kòkó ni ó ra àwọ̀ náà. Àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó kún Ìbàdàn, Ìjẹ̀bú, Oǹdó àti Iléṣà láti nǹkan bí 1920 sí 1960, amọ̀ ni ó pọ̀ nínú wọn, sìmẹ́ńtì sì ni a fi rẹ́ wọn. Onílé kò ní pe ilé rẹ̀ ní ilé amọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà mọ ohun tí ó wà nínú. Ìwọ̀n sísanra sìmẹ́ńtì náà kò ju ti ìka ọwọ́ lọ. Ó sì tó láti yí orúkọ ilé padà.

Ní 1957, ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Nkalagu bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ti Ewékorò tẹ̀ lé e ní 1960. Lẹ́yìn èyí, kò sí ìlú tí sìmẹ́ńtì kò dé. Ìtàn sìmẹ́ńtì tí ìjọba ológun pàṣẹ ní àkókò owó epo kò ṣe é fò: nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ni wọ́n bèèrè, nígbà tí èbúté Èkó kò lè já ju bí mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún. Ní 1975, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ ni ó tò sí ojú òkun tí wọ́n ń dúró. Ọ̀rinrin sì bá sìmẹ́ńtì jẹ́ nínú ọkọ̀ níbẹ̀.

Ohun tí Omi ń Ṣe Lẹ́yìn Sìmẹ́ńtì

Amọ̀ a máa wú bí ó bá mu omi, a sì máa súnkì bí ó bá gbẹ. Sìmẹ́ńtì kì í bá a wú, kì í sì í bá a súnkì tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òjò àti ọyẹ́ bá ti yípo ní ìgbà mélòó kan, àwọn méjèèjì a pín yà. Ẹni tí ó bá fi ìka kan irú ògiri bẹ́ẹ̀ yóò gbọ́ pé ó ń dún bí igbá òfìfo. Sìmẹ́ńtì náà a sán, ìlà tín-ín-rín tí ojú lè fò dá. Òjò tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò gbà mọ́ a gba ibẹ̀ wọlé, a ṣàn sísàlẹ̀ láàárín àwọ̀ àti ògiri, kò sì ní rí ọ̀nà jáde. Ìdí ògiri ni yóò gbárajọ sí. Amọ̀ ibẹ̀ a padà di ẹrẹ̀ tí a ti fi ẹsẹ̀ pò ní ọjọ́ kìíní, ikán a sì bá a níbẹ̀. Lóde, ọ̀dà ilé ṣì ń dán.

Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìrẹ́ amọ̀ a máa tú àṣírí àìsàn ògiri, sìmẹ́ńtì a sì máa bò ó mọ́lẹ̀. Ilé tí a rẹ́ ní amọ̀ a máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Èyí tí a rẹ́ ní sìmẹ́ńtì lè dúró fún ogún ọdún láìbèèrè nǹkan kan, kí ó sì wó lóru ọjọ́ kan.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí báyìí, àtúnṣe tí ó wọ́pọ̀ jù, èyíinì ni kí a pe bíríkìlà kí ó fi sìmẹ́ńtì dí ojú ibi tí ó sán, kò wo ohun tí ó ń ṣe ògiri. Ohun tí amọ̀ ń béèrè gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. A ní láti kọ́kọ́ wá ibi tí omi ti ń wá: ìṣó páànù tí ó ti ṣí ni, tàbí etí òrùlé tí ó kúrú, tàbí ilẹ̀ ìta tí ó ti ga ju ti inú ilé lọ. Lẹ́yìn náà ni a ó ṣí gbogbo sìmẹ́ńtì tí ó ń dún òfìfo kúrò, títí dé òkè ibi tí ọ̀rinrin mọ, a ó sì fi ògiri náà sílẹ̀ ní ìhòòhò kí ó gbẹ. Èyí lè gba odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan. Bí ògiri náà bá ń ru pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, a gbọ́dọ̀ fi igi gbé e ró kí a tó fọwọ́ kàn án. A ó gé amọ̀ tí ó ti rọ̀ kúrò títí a ó fi kan èyí tí ó le, a ó wọ́n omi díẹ̀ sí ojú rẹ̀, a ó sì fi irú amọ̀ kan náà dí i ní ìpele tẹ́ẹ́rẹ́, kí ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó lé e. Ìrẹ́ tí a ó fi parí rẹ̀ kò gbọdọ̀ le ju ògiri lọ. Ní Èkó, a tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún iyanrìn òkun, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ a máa fa ọ̀rinrin, a sì máa hu funfun lójú ògiri.

Ẹni tí ó ka èyí yóò rí i pé kò sí ohun kan níbẹ̀ tí àwọn ìyá wa àgbà kò ní mọ̀. Ohun tí wọ́n ní tí a kò ní mọ́ ni àkókò, àti ọ̀pọ̀ ọwọ́.

Ògùnpa àti Ilé Ẹbí

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, òjò ńlá kan rọ̀ ní Ìbàdàn, odò Ògùnpa sì kún bo bèbè rẹ̀. Ẹni tí ó kú ju igba lọ, ọ̀pọ̀ ilé sì wó. A kò lè fi ilé tí odò gbé lọ dá amọ̀ lẹ́jọ́. Ilé tí ó wà ní ojú ọ̀nà irú omi bẹ́ẹ̀ kò lè dúró, ohun yòówù tí a ìbáà fi kọ́ ọ. Ìdájọ́ tí ó sì ti gba ìlú kan ni pé ilé amọ̀ kò dára, àfi kí ẹni tí ó bá lágbára wó tirẹ̀ kí ó fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn, kí ẹni tí kò bá lágbára fi sìmẹ́ńtì bo tirẹ̀. Apá kejì ìmọ̀ràn yìí ni ó léwu. Ó ń sọ fún ẹni tí kò lówó pé kí ó ra ohun tí yóò fi àìsàn ilé rẹ̀ pamọ́.

Ṣùgbọ́n a kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru sìmẹ́ńtì. Nígbà tí agbo ilé kún fún ènìyàn, ògiri kò lè là kí ó tó ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnì kan kò rí i. Lónìí, yàrá tí ó wà lọ́tùn-ún jẹ́ ti àwọn ọmọ ìyá kan, èyí tí ó wà lósì jẹ́ ti òmíràn, àwọn tí ó ni wọ́n sì wà ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Òfin ìbílẹ̀ náà kò ran ẹni tí ó fẹ́ ṣe àtúnṣe lọ́wọ́: ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ tún ilé ẹbí ṣe kò tìtorí bẹ́ẹ̀ di onílé. Òfin yìí ni ó gba ilé ẹbí lọ́wọ́ àwọn tí ìbá tà á, a kò sì fẹ́ bá a wí ju bí ó ti yẹ lọ. Òun kan náà ni ó ń mú kí ògiri tí ó wà láàárín yàrá méjì jẹ́ ti gbogbo ẹbí, kí ó má sì ní ẹni tí yóò gùn ún lọ wo páànù rẹ̀. Àti ṣí sìmẹ́ńtì rẹ̀ kí a sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ fún oṣù mẹ́rin, àfi kí àwọn olórí ọmọ jókòó kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí àwọn ayálégbé sì kó jáde. Nínú ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń ṣú, sìmẹ́ńtì ni ẹni tí ó kù sílé yóò tún fi dí ẹnu ògiri náà, nítorí òun nìkan ni ohun tí ènìyàn kan ṣoṣo lè rà láìpe ìpàdé.